Bí Òkè Ìdànrè Ṣe Wọ Inú Géèmù Orí Kọ̀ǹpútà

Ní ọdún 1923, àwọn ará Ìdànrè fi orí òkè sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀. Ìtàn ìlú sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn baba ńlá wọn fi gbé láàárín àwọn àpáta náà. Ààfin Ọwá, ilé ẹjọ́ àtijọ́, àwọn ojúbọ àti ibi ìsìnkú kò bá wọn sọ̀kalẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí di òní, ẹni tó bá sì fẹ́ fojú kàn wọ́n yóò gun àtẹ̀gùn 682. Láti ọdún 2007 ni orúkọ Òkè Ìdànrè ti wà lọ́dọ̀ àjọ UNESCO, lára àwọn ibi tí Nàìjíríà ń fẹ́ kí wọ́n kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé.

Ìrìn kan tún wà tí òkè náà fúnra rẹ̀ ti rìn, tí ariwo rẹ̀ kò sọ rárá: ó ti wọ inú fáìlì. Lónìí, ọmọ tó bá ní kọ̀ǹpútà lè fi géèmù kọ́ ìlú tirẹ̀ sí ẹsẹ̀ òkè Ìdànrè gan-an, kì í ṣe òkè àfọkànyà. Ìtàn bí ó ṣe di èyí tó ṣeé ṣe kàn wá ju bí ó ṣe jọ lọ.

Ọ̀dọ̀ àwọn elégéèmù ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1993, ilé iṣẹ́ id Software ní Amẹ́ríkà gbé géèmù Doom jáde. John Carmack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwòrán, ohùn àti gbogbo yàrá inú géèmù náà sínú fáìlì ọ̀tọ̀ tí wọ́n pè ní WAD, kí ẹni tó ra géèmù lè fi tirẹ̀ rọ́pò wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò fún aráyé ní irinṣẹ́ tí wọn yóò fi ṣe é. Àwọn òṣèré ló wá irinṣẹ́ fúnra wọn. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1994, Brendon Wyber ní New Zealand àti Raphaël Quinet ní Belgium ti ṣe DEU, èyí tó ń ṣí fáìlì WAD, tó sì ń jẹ́ kí a tún un ṣe. Láti ìgbà náà ló ti di àṣà láàárín àwọn tó ń tún géèmù ṣe pé kí wọ́n kọ irinṣẹ́ kékeré tí kò ní àwòrán tàbí bọ́tìnnì: a ó tẹ àṣẹ ìlà kan, yóò gba fáìlì irú kan, yóò sì dá irú mìíràn padà.

Èyí tó kan Ìdànrè nínú irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ ti ọwọ́ elégéèmù wá. GDAL ni orúkọ rẹ̀. Frank Warmerdam, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1998 fún àwọn tó ń ya máàpù, nítorí pé fáìlì ọ́fíìsì kan kì í ṣí lórí ẹ̀rọ ọ́fíìsì kejì. Ọ̀fẹ́ ni.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2000, ọkọ̀ òfuurufú Endeavour gbéra pẹ̀lú ènìyàn mẹ́fà nínú. Rédà kan wà lára ọkọ̀ náà, òmíràn sì wà ní ìparí òpó gígùn 60 mítà tí wọ́n nà síta, bí ìgbà tí ènìyàn fi ojú méjì wo nǹkan kí ó lè mọ bí ó ṣe jìnnà sí òun. Láàárín ọjọ́ mọ́kànlá, wọ́n wọn gíga nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ayé. Ìdànrè wà níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwọ̀n 90 mítà sí 90 mítà ni wọ́n fún àwa ará òde. Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n fún ní ti 30 mítà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014 ni wọ́n kéde pé àwọn yóò tú u sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì fi ṣáájú.

Fáìlì tiwa ń jẹ́ N07E005. Ìdànrè, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀ àti Adó-Èkìtì ló wà nínú rẹ̀. Ìlà 3,601 ni, nọ́ńbà 3,601 sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan: 12,967,201 lápapọ̀. Kò sí àwòrán nínú rẹ̀, kò sì sí orúkọ kankan. Gíga ilẹ̀ nìkan ni.

Géèmù Cities: Skylines, tí àwọn ará Finland ṣe ní ọdún 2015, kò mọ irú fáìlì yìí. Àwòrán dúdú àti funfun ló ń gbà, ìlà 1,081 sí 1,081, tó dúró fún ilẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 17.28. Dúdú pátápátá jẹ́ 0. Funfun pátápátá jẹ́ 1,024 mítà. Òkè Ìdànrè, tí wọ́n ń pè ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹsẹ̀ bàtà, tó nǹkan bí 914 mítà, nítorí náà orí rẹ̀ kò ní kan àjà géèmù náà. Lẹ́yìn tí a bá ti gé apá Ìdànrè jáde, àṣẹ tó kù kò ju báyìí lọ:

gdal_translate -ot UInt16 -of PNG -outsize 1081 1081 -scale 0 1024 0 65535 idanre.tif idanre.png

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni bí ó ṣe lè bàjẹ́. Ẹni tó bá kọ Byte sí ipò UInt16 yóò ní àwọ̀ 256 péré, ìpele kọ̀ọ̀kan yóò sì di mítà mẹ́rin. Àpáta tó ń dán gbọ̀nrangandan yóò di àtẹ̀gùn, kì í sì í ṣe àtẹ̀gùn Ìdànrè. Fáìlì rédà náà ń kọ apá ńlá nọ́ńbà ṣáájú apá kékeré. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ń kà á láti òdìkejì. Bí irinṣẹ́ kò bá mọ èyí, 914 yóò di -28,157, òkè yóò sì di kòtò. GDAL mọ̀ ọ́n. Bákan náà, ibi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àpáta bá ti ṣíji bo rédà, àmì -32,768 ni wọ́n fi sí i, a sì ní láti dí àlàfo náà kí a tó yí i padà.

Àṣìṣe wọ̀nyí ní àtúnṣe. Èyí tí kò ní àtúnṣe ni ohun tí kò sí nínú fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú igbó tó yí ẹsẹ̀ òkè ká, orí igi ni rédà sábà ń wọ̀n dípò ilẹ̀. Ààfin Ọwá kò tó ohun tí rédà tó ń fo 30 mítà lè dá mọ̀. Ipasẹ̀ Agbòógun kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Omi Àpáàrá kò sí. Bí ọmọ Àlàdé tàbí Òdòde bá ṣí géèmù náà, yóò rí òkè tó mọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni pé ènìyàn kò gbé ibẹ̀ rí. N kò bá irinṣẹ́ wí, nítorí ohun tí a bá fún un ló ń pa dà. Àwọn tó wọn òkè náà láti òkèèrè kò mọ̀ pé ìlú wà lórí rẹ̀; àwa tó mọ̀ kò tíì wọ̀n ọ́n sínú fáìlì tí ẹnikẹ́ni lè ṣí. Láti ọdún 2007 tí a ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí UNESCO, ó yẹ kí èyí ti wà lára iṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ náà kò sì pọ̀ tó bí a ṣe rò. Àtẹ̀gùn 682, nọ́ńbà mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: bó ṣe wà sí àríwá, bó ṣe wà sí ìlà oòrùn, àti gíga rẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 2,046.