“Una” àti “Unu”: Àwọn Èdè tí Wọ́n Bá Pijin Tan

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan sọ ní kíláàsì pé Gẹ̀ẹ́sì tí ó fọ́ yángá ni pijin, pé kò ní baba, kò sì ní ìyá. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó sọ “ẹ̀yin” ní pijin. Kíá ni ó dáhùn pé “una”. Mo bi í pé níbo ni ọ̀rọ̀ yìí wà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kẹ́kẹ́ pa.

Kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé “unu” ti èdè Ìgbò ni ó bí i. “Una” náà ni ará Freetown ń sọ nínú èdè Krio. “Unu” ni ti Jàmáíkà. “Unu” wà nínú Sranan pẹ̀lú, èdè àwọn ará Suriname. Ẹ kíyè sí Suriname yìí dáadáa. Ọdún 1651 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ ibẹ̀ dó, wọ́n sì pàdánù rẹ̀ fún àwọn ará Họ́láǹdì ní 1667. Ọdún 16 péré! Síbẹ̀, ará Suriname ń sọ “pikin” àti “sabi” bíi tiwa, ọ̀rọ̀ méjì tí orírun wọn jẹ́ èdè Potogí.

Níbo wá ni orírun ẹbí yìí? Ian Hancock ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni, kí a tó kó ẹrú sọdá òkun. Àwọn mìíràn ní òkè òkun ni èdè náà ti gbó, kí ó tó padà wálé. Ẹ̀rí tiwọn kò kéré: ní 1792, nǹkan bí 1,200 ènìyàn dúdú ti Nova Scotia dé Freetown, ní 1800, nǹkan bí 550 Maroon, àrọ́mọdọ́mọ àwọn ẹrú tí ó sá wọ igbó ní Jàmáíkà, tẹ̀ lé wọn. Ní tèmi, àlọ àti àbọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà. N kò rí ìdí tí a fi ní láti mú ọ̀kan ṣoṣo.

Àwa Yorùbá náà lọ́wọ́ sí i. Lẹ́yìn 1808, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń tú ẹrú sílẹ̀ ní Freetown. Àwọn ènìyàn wa pọ̀ nínú wọn débi pé wọ́n ń pè wọ́n ní Akú, nítorí kíkí “ẹ kú” wọn. Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1822. Láti nǹkan bí 1839 ni àwọn Sàró ti ń padà sí Èkó, Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta, tàwọn ti Krio lẹ́nu. (Kì í ṣe àwọn ni ó kọ́kọ́ mú irú èdè bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀ yìí o: Antera Duke, oníṣòwò ará Kàlàbá, ti fi pijin kọ ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ láàárín 1785 sí 1788.)

Nígbà tí kíláàsì parí, akẹ́kọ̀ọ́ náà bi mí ohun tí àwọn Krio ń pe ayẹyẹ ìsọmọlórúkọ. Mo ní “komojade” ni. Ó rò pé àwàdà ni mo ń ṣe.