Ọjọ́ Patrick Mímọ́ nínú Ẹ̀kọ́ Ìtàn

Ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ni ìjọ Kátólíìkì máa ń rántí Patrick Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù tó wàásù ní Írẹ́lándì ní nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn. Ní 1961 ni wọ́n sọ ọ́ di ẹni mímọ́ alágbàwí fún Nàìjíríà, nítorí iṣẹ́ ńlá tí àwọn míṣọ́nnárì Írẹ́lándì ṣe níbí. Kàtídírà Adó-Èkìtì pàápàá, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́. Ìjọba kì í fún wa ní ìsinmi lọ́jọ́ náà. Ohun tí ọmọ ilé-ìwé bá mọ̀ nípa rẹ̀, ẹnu olùkọ́ tàbí ti kátékíìsì ló ti gbọ́ ọ.

Èyí tí wọ́n sábà ń sọ fọ́mọ ni pé Patrick lé ejò kúrò ní Írẹ́lándì, ó sì fi ewé olójú mẹ́ta ṣàlàyé Mẹ́talọ́kan. Ìtàn méjèèjì dùn létí, àmọ́ ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí wọ́n tó wọ inú ìwé. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé rẹ̀ méjì, ní èdè Látìn, ṣì wà títí dòní. Nínú ọ̀kan, ó ní òun kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún 16 lọ nígbà tí àwọn akónilẹ́rú gbé òun ní ilẹ̀ Bìrìtéènì lọ sí Írẹ́lándì. Ọdún mẹ́fà ló fi da ẹran kó tó sá lọ. Nígbà tó yá, ó padà síbẹ̀ láti wàásù fún àwọn tó sọ ọ́ dẹrú. Nínú ìwé kejì, ó dojú ọ̀rọ̀ kọ àwọn ọmọ ogun olórí kan tó ń jẹ́ Coroticus, tí wọ́n pa lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣèrìbọmi, tí wọ́n sì kó àwọn yòókù lọ tà. Ó ní kí onígbàgbọ́ má bá wọn jẹ, kó má bá wọn mu, títí wọn yóò fi tú àwọn ẹrú náà sílẹ̀.

Ọmọ Ìtapàjí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, kò nílò àlàyé púpọ̀ kí èyí tó yé e, nítorí ogun kó àwọn èèyàn wa náà lẹ́rú. Ìbàdàn fi ajẹ́lẹ̀ jẹ gàba lórí ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì kí Fábùnmi Òkè-Mẹsí tó dìde ní 1878, tí ogun Kírìjì fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1821, ogun kó Samuel Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní 1864, òun náà di bíṣọ́ọ̀bù. Kò sí ẹni tó tún sún mọ́ Patrick tó bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn wa.

Ọjọ́ Patrick fúnra rẹ̀ náà wọ inú ìtàn ẹrú: ní erékùṣù Montserrat, ní òkun Kàríbéánì, àwọn ẹrú pète láti dìde ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta, 1768, nígbà tí àwọn ọ̀gá wọn yóò máa ṣàjọ̀dún Patrick. Àṣírí tú, wọ́n sì so àwọn kan kọ́. Láti 1985, ọjọ́ náà ti di ìsinmi níbẹ̀, tí wọ́n fi ń rántí àwọn tó kú.

Ní nǹkan bí 2009, wọ́n yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà. Nígbà tó yá, wọ́n dá a padà. Ẹ̀yin olùkọ́, bí oṣù Kẹta bá tún dé, kí ẹ tó mẹ́nu ba ejò, ẹ rán àwọn ọmọ lọ bi àwọn àgbà ilé wọn léèrè ta ni ogun kó lọ nínú ìdílé wọn, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀.