Iná Yí Padà, Ihò Èéfín Ò Yí

Ẹni tó bá rìn ní Peckham tàbí Camberwell ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, tó sì gbójú sókè wo òrùlé àwọn ilé bíríkì ayé Ọbabìnrin Victoria, yóò rí ìkòkò amọ̀ bíi mélòó kan tó dúró lórí ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹnu ihò èéfín ni wọ́n, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ṣímínì. Ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti tú èéfín gbẹ̀yìn, nítorí gáàsì ló ń mú ilé gbóná báyìí. Ṣùgbọ́n àwọn onílé kan ti ń padà sídìí igi. Wọ́n á ra sítóòfù onígi, kì í ṣe oníkẹrosíìnì tí a mọ̀, bí kò ṣe àpótí irin onílẹ̀kùn gíláàsì, wọ́n á gbé e sí ojú ààrò àtijọ́. Oníṣẹ́ á dé, á ní àfi kí òun ti páìpù irin bọ inú ihò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Onílé á fajú ro: ihò tó ti ń gbé èéfín fún ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé, kí ló tún fẹ́ fi àwọ̀tẹ́lẹ̀ ṣe? Ìbéèrè náà bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n ìtàn ihò èéfín nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dáhùn rẹ̀ tipẹ́. A kì í mọ ihò èéfín lásán. Irú iná kan pàtó ni a ń mọ ọ́n fún. Nígbàkígbà tí iná bá yí padà tí inú ihò kò sì yí, ẹnì kan ló ń jìyà rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni kò ní ihò èéfín rárá. Àárín ilé ni wọ́n ń dáná sí, èéfín á sì wá ọ̀nà ara rẹ̀ gba òrùlé jáde, bí èéfín ilé ìdáná tiwa ṣe ń gba inú koríko òrùlé kọjá, tó ń gbẹ àgbàdo tí a so rọ̀ sókè ààrò. Ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni ihò èéfín tàn ká níbẹ̀. William Harrison, nínú ìwé tó gbé jáde ní 1577, sọ pé ẹnu ń ya àwọn àgbà abúlé rẹ̀ sí bí ihò èéfín ṣe pọ̀ sí i lójú wọn. Ihò ìgbà náà fẹ̀ débi pé ènìyàn lè dúró nínú òmíràn, iná igi sì ń jó gbalasa nísàlẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn bíríkìlà kì í fi inú ihò sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ẹfun sísun tí wọ́n pò mọ́ ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín: ìgbẹ́ màlúù kan náà ni àwọn ìyá wa fi ń ra ilẹ̀ ilé. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó ní ihò ilé òun kò wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ rí, tirẹ̀ ti jẹrà ni, ó ti ń já wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò mọ̀.

Ní 1662, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí gba owó orí lórí ojú ààrò, ṣílè méjì lọ́dún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó yìí ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní abúlé Churchill ní Oxfordshire ní 1684. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn náà ṣe wà nílẹ̀, obìnrin oníbúrẹ́dì kan kò fẹ́ san owó ihò tirẹ̀, ló bá lu ògiri, ó darí èéfín ààrò búrẹ́dì rẹ̀ sínú ihò aládùúgbò. Iná ran ogún ilé, ènìyàn mẹ́rin sì kú. Òfin owó orí yẹn pa rẹ́ ní 1689, ṣùgbọ́n àṣìṣe oníbúrẹ́dì náà kò pa rẹ́: iná tí a kò mọ ihò kan fún ló fi sínú rẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn pàápàá ni èédú inú ilẹ̀ ti gba ipò igi ní Lọ́ńdọ̀nù. Iná èédú kéré, ó ń fẹ́ ihò tóóró tó lè fa èéfín sókè, àwọn ihò kan kò sì fẹ̀ ju ínǹṣì 9 lọ ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ìgbálẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn kò tíì gbòde, dúdú èéfín sì ń dí ihò, ni wọ́n bá ń rán ọmọdé wọlé. Ní 1775, oníṣẹ́ abẹ Percivall Pott kọ ọ́ sílẹ̀ pé dúdú èéfín yìí ló ń fa jẹjẹrẹ awọ ẹpọ̀n lára àwọn tó ń gbá ihò. Òfin 1788 jáde láti dáàbò bo àwọn ọmọ náà, wọn kò kà á sí. Òfin 1840 ní ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 kò gbọdọ̀ gun ihò mọ́. Wọn kò ka ìyẹn náà sí. Ó di ìgbà tí George Brewster, ọmọdékùnrin tí kò ju ọdún 12 lọ, há sínú ihò ilé ìwòsàn Fulbourn nítòsí Cambridge ní 1875, tó sì kú, kí òfin tó ní eyín. Iná ti yí padà, wọ́n sì ti fún ihò mọ́ ọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ rò ó bí wọn yóò ṣe máa gbá a.

Sítóòfù onígi ni ìyípadà tòde òní. Iná ojú ààrò ń fi ọ̀pọ̀ ooru rẹ̀ ṣòfò gba ihò lọ, ohun tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Count Rumford ṣàròyé lé lórí ní 1796 nígbà tó ní kí wọ́n fún ọ̀fun ihò. Ṣùgbọ́n ooru tó ń ṣòfò yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe: ó ń mú kí bíríkì gbóná, kí èéfín sì yára jáde. Sítóòfù ń pa ooru mọ́ sínú ilé, èéfín díẹ̀ tí kò gbóná tó ti tẹ́lẹ̀ ló sì ń tú sókè, wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí irú èéfín bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sínú ihò gbàràmù tó tutù, á di omi dúdú, á lẹ̀ mọ́ ògiri bí ọ̀dà. Igi tútù ń mú un burú sí i. Ọ̀dà yìí ni iná ń ràn mọ́ lọ́jọ́ kan, tí inú ihò á máa bú ramúramù. Ẹfun àtijọ́ tó ti já sì ti fi ojú ihò sílẹ̀ láàárín bíríkì, ibẹ̀ ni carbon monoxide, tí kò ní òórùn tí a kò sì lè fojú rí, lè gbà wọ yàrá ẹni tó ń sùn lókè, tàbí ti aládùúgbò, torí ilé wọn so mọ́ra.

Ẹni tó mọ òfin á ní Approved Document J, ìwé ìlànà ilẹ̀ náà, kò sọ pé dandan ni páìpù nínú gbogbo ihò. Òótọ́ ni. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ihò àtijọ́ kò jò, tó sì bá sítóòfù mu, a lè lò ó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni bíbá ara mu yẹn. Páìpù tí ọ̀pọ̀ sítóòfù ń fẹ́ kò ju milimítà 150 lọ, tàbí 125 fún àwọn tí èéfín wọn kéré. Ihò oníínǹṣì 9 fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta páìpù 150 yẹn, ó dín díẹ̀. Ẹni tó sì ní ihò òun ti ṣiṣẹ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, iná mìíràn ló ṣe é fún. Láti ìgbà òfin ìkọ́lé 1965 ni wọ́n ti ń fi àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó yè kooro sínú ihò ilé tuntun. Ilé tó ṣáájú rẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí. Ti owó, n kò jiyàn: páìpù náà àti iṣẹ́ rẹ̀ lè wọ́n bíi sítóòfù fúnra rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká méjèèjì, kò tíì lówó sítóòfù. Àwọn kan tilẹ̀ ní kò yẹ kí a dáná igi ní Lọ́ńdọ̀nù rárá lẹ́yìn èéfín December 1952 tó bí òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti 1956. Ọ̀rọ̀ wọn wúwo, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ẹjọ́ yẹn.

Bí iṣẹ́ náà bá máa dára, wọ́n á kọ́kọ́ gbá ihò náà mọ́. Páìpù irin aláwọ̀ méjì tí kì í dógùn-ún ni wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé, kí ọfà ara rẹ̀ kọjú sókè. Wọ́n á so ó mọ́ sítóòfù láìsí àlàfo, wọ́n á fi nǹkan wé e tàbí kí wọ́n rọ ohun tó ń pa ooru mọ́ yí i ká, wọ́n á dé e lórí kí òjò àti ẹyẹ má wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ìwé ìlànà ní kí wọ́n kan àwo kékeré kan mọ́ ibi tó hàn nínú ilé, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà sí i, àti irú iná tí ihò náà lè gbà.