Ìjókòó Dẹ́rẹ́bà Rélùwéè: Ohun Tí Àwọn Bàbá Wa Mọ̀



Ọ̀pọ̀ ìdílé wa, iṣẹ́ rélùwéè ló gbé wọn dé ìlú Kàdúná yìí. Ọ̀nà irin tó gbéra l'Ékòó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Jẹ́bà ní 1909, kó tó wọ òkè Ọya lọ. Ní àwọn ọdún 1920, ti Port Harcourt wá pàdé rẹ̀ níbí. Bí Kaduna ṣe di Junction nìyẹn.

Láyé ẹ́ńjìnnì èédú, iná àti ìkòkò omi gbígbóná ló wà níwájú dẹ́rẹ́bà. Ó ní láti yọjú lójú fèrèsé kó tó rọ́nà, fáyàmáànù á máa kó èédú.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dísù dé ní àwọn ọdún 1950, dẹ́rẹ́bà rí àga tó dáa. Gbogbo ohun tó ń fọwọ́ kàn wá wà lójú kan: ọ̀pá tó ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára, tí àwọn ará Amẹ́ríkà pín sí ìpele 8, ọ̀pá iwájú-tàbí-ẹ̀yìn, búréèkì méjì, ọ̀kan fún gbogbo ọkọ̀, ìkejì fún ẹ́ńjìnnì nìkan. Wọn ò tò ó bẹ́ẹ̀ fún ẹwà o. Lóru, ojú gbọ́dọ̀ wà lọ́nà, ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí búréèkì wà. Ọ̀pá iwájú-tàbí-ẹ̀yìn sì ṣeé yọ bíi kọ́kọ́rọ́, kí ẹlòmíì má lọ wà á.

Àmọ́ ìṣòro kan ṣẹ́kù. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì wọ̀nyẹn ní imú gígùn. Tí imú yẹn bá ṣíwájú, apá kan ọ̀nà á pamọ́ fún dẹ́rẹ́bà, pàápàá ní kọ́nà. Igbákejì rẹ̀ tó jókòó lódìkejì ló ń bá a wò ó. Á ké àmì tó bá rí, dẹ́rẹ́bà á dáhùn. Ojú ẹnìkan ò tó. Tí wọn ò bá gbọ́ra wọn yé, ẹ̀mí àwọn èrò ẹ̀yìn ló wà nínú ewu.

Lóde òní, ọkọ̀ Àbújá ti ń gúnlẹ̀ sí Rìgásà láti 2016, lórí irin tó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ: mìlímítà 1435, ti àwọn bàbá wa jẹ́ 1067. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ ti àtijọ́ ń dínkù, ohun tọ́wọ́ wọn mọ̀ ò sì sí nínú fọ́tò.

Bí bàbá yín bá wakọ̀ ojú irin rí, ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Ẹ bi wọ́n pé: ọwọ́ wo lẹ fi ń di búréèkì mú, ta ló sì ń bá yín wo apá kejì? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fáwọn ọmọ.