Ìtàn Àwòkọ Rọ́kẹ́ẹ̀tì: Bí Ẹ̀tù Ṣe Kúrò Lọ́wọ́ Ọmọdé

Àwòkọ rọ́kẹ́ẹ̀tì ni rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tí wọ́n fi páálí, igi fífúyẹ́ àti ike ṣe, tó ń fò sókè ní tòótọ́, tó sì ń fi párásúùtù sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n lè tún un fò. Èyí tó bá jọ rọ́kẹ́ẹ̀tì gidi kan látòkè délẹ̀, tó jẹ́ pé ìwọ̀n rẹ̀ nìkan ni wọ́n dín kù, ni àwòkọ oníwọ̀n. Ìbéèrè kan ló bí iṣẹ́ ọwọ́ yìí, òun náà ló sì gbé e dé ilẹ̀ Yorùbá: ọwọ́ ta ló yẹ kí ẹ̀tù wà?

Ọlọ́jà bàtà àti onímọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì

Láàárín ọdún 1950 sí 1960, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ní Amẹ́ríkà ń po ẹ̀tù fúnra wọn, wọ́n ń kì í sínú páìpù irin. Àwọn kan pàdánù ìka, àwọn kan pàdánù ojú, àwọn mìíràn kú. Orville Carlisle, tó ń ta bàtà ní ìlú Norfolk, ìpínlẹ̀ Nebraska, mọ̀ nípa ohun abúgbàù aláràbarà tí wọ́n fi ń ṣe àríyá. Robert, arákùnrin rẹ̀, máa ń fo àwòkọ ọkọ̀ òfurufú, ó sì ń dá àwọn ọ̀dọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ní 1954, Orville ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí Robert lè lò fún ẹ̀kọ́ náà, ó pè é ní Rock-a-Chute. Páálí ló fi ṣe ara rẹ̀, ó di ẹ̀tù rẹ̀ pa sínú ẹ́ńjìnnì kékeré tí ẹnikẹ́ni kò ní láti tú, ó sì fún un ní párásúùtù.

Ní 1957, G. Harry Stine, tó ti ṣiṣẹ́ ní pápá ìdánwò rọ́kẹ́ẹ̀tì White Sands, kọ àpilẹ̀kọ kan nípa ààbò níbi iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Carlisle kà á, ó sì fi rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Stine rí i pé ohun tó lè gba ẹ̀mí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn là ti dé. Lọ́dún yẹn kan náà ló dá ilé iṣẹ́ Model Missiles sílẹ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ tí a mọ̀ lónìí sí National Association of Rocketry sílẹ̀. Ní 4 Oṣù Kẹwàá, ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì fi sátẹ́láìtì Sputnik ránṣẹ́ sí òfurufú, ọ̀pọ̀ ọmọdé sì ń béèrè rọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwòkọ oníwọ̀n wà lára ohun tí ilé iṣẹ́ Stine kọ́kọ́ tà: àwòkọ Aerobee-Hi, rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń ṣèwádìí òkè òfurufú.

Àwọn tó ń rà á pọ̀ ju ẹ́ńjìnnì tí ọwọ́ lè ṣe lọ. Vernon Estes, ará Denver, ló ṣe ẹ̀rọ tó ń jẹ́ Mabel ní 1959, tó ń tẹ ẹ́ńjìnnì kan jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀tù di iṣẹ́ ilé iṣẹ́, ọmọ tó ń kọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì sì gbájú mọ́ ara, ìyẹ́ àti imú rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Amọ̀ ni wọ́n fi ń dí ìdí ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú ihò tóóró tí èéfín gbígbóná ń gbà tú jáde. Ẹ̀tù àkọ́kọ́ yóò ti rọ́kẹ́ẹ̀tì sókè. Èkejì yóò máa jó jẹ́jẹ́ láìtì í, títí eré rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ̀kẹta yóò bú, yóò ṣí imú rẹ̀, yóò sì ju párásúùtù síta. Àmì ara ẹ́ńjìnnì ń sọ gbogbo rẹ̀. Nínú A8-3, lẹ́tà A ni àpapọ̀ agbára. B lè tó ìlọ́po méjì A, C ìlọ́po méjì B. Ìpíndọ́gba ìtìsókè rẹ̀ ní níútọ̀nù ni 8, ìṣẹ́jú àáyá tó máa kọjá lẹ́yìn tí ẹ̀tù àkọ́kọ́ bá jó tán kí párásúùtù tó jáde sì ni 3. Bátìrì àti wáyà ni wọ́n fi ń tanná ràn án láti òkèèrè.

Kí rọ́kẹ́ẹ̀tì má bàa takìtì, ibi tó ti dọ́gba tí a bá gbé e lé ìka gbọ́dọ̀ wà níwájú ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń tì í. Ní 1966, James Barrowman gbé ìlànà jáde fún ṣíṣe ìṣirò ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń tì í. Ìṣòro yìí le jù nínú àwòkọ oníwọ̀n, nítorí ẹ́ńjìnnì ni rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá fi ń darí ara rẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ sì kéré tàbí kò ní rárá. Ẹni tó ń ṣe àwòkọ rẹ̀ á wá fi ohun tó wúwo sínú imú, tàbí kó lẹ ìyẹ́ ike tó mọ́ gaara mọ́ ìdí rẹ̀. Ní 1972, wọ́n ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún àwòkọ rọ́kẹ́ẹ̀tì ní Vršac, ní Yugoslavia. Nínú ìdíje àwòkọ oníwọ̀n, adíje á kó àwòrán àti ìwọ̀n rọ́kẹ́ẹ̀tì gidi wá fún adájọ́, wọ́n á sì fún un ní máàkì lórí ìjọra àti lórí fífò.

Omi rọ́pò ẹ̀tù

Ní Nàìjíríà, òfin ohun abúgbàù ti 1964 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣe ẹ̀tù tàbí láti kó o wọ ìlú láìgba ìwé àṣẹ. Iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì gidi wà lọ́wọ́ ìjọba: NASRDA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfurufú, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999, ní ibùdó kan fún un ní Ẹ̀pẹ́. Fún àwọn ọmọ iléèwé, Ilé-Ifẹ̀ ni ọ̀nà ti là. Ibẹ̀, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni wọ́n dá ibùdó ẹ̀kọ́ òfurufú ARCSSTE-E sílẹ̀ sí ní 1998. Ibùdó yìí ń gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sí àwọn iléèwé, rọ́kẹ́ẹ̀tì olómi sì wà lára ohun tó ń lò.

Ìgò ike ẹlẹ́rìndòdò ni ara rọ́kẹ́ẹ̀tì olómi, nítorí wọ́n ṣe é kó lè gba agbára gáàsì. Ìgò omi lásán kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á rọ omi sí bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, wọ́n á dojú rẹ̀ kọlẹ̀, wọ́n á sì fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Bí wọ́n bá tú u sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á ti omi jáde lẹ́nu ìgò, omi á sì ti ìgò lọ sókè. Òfin Newton kan náà tó ń gbé ti ẹlẹ́tù ló ń gbé e.

Òkè-Odò

Ibi tí irú rọ́kẹ́ẹ̀tì olómi yìí bá mu gan-an ni Òkè-Odò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alimọ́ṣọ́ọ́, ìpínlẹ̀ Èkó. Ètò ìkànìyàn 2006 ka èèyàn tó lé ní 1,200,000 sí Alimọ́ṣọ́ọ́. Láti Ìkọ̀tún dé Ìgàndó, ilé fara kọ́lé, òrùlé sì kún gbogbo ojú. Pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed kò jìnnà sí Ẹ̀gbẹ́dá, bẹ́ẹ̀ òfin ààbò àwọn onírọ́kẹ́ẹ̀tì sì sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fò ó níbi tó ti lè di ewu fún ọkọ̀ òfurufú. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́tù kò yẹ níbẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì olómi tí kò lágbára púpọ̀ yẹ pápá iléèwé, bí olùkọ́ bá wà nídìí rẹ̀, tí àwọn ọmọ dúró jìnnà, tí kò sì sí irin kankan ní imú rẹ̀.

Àwòkọ oníwọ̀n náà kò kọjá agbára wọn. Ní 3 Oṣù Kẹfà 2017, rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 gbé NigeriaEduSat-1, sátẹ́láìtì kékeré ti yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́, lọ sí òfurufú. Irú rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ga ní bíi mítà 70, ó sì fẹ̀ ní mítà 3.7. Bí ìgò wa bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 9, ó ti kéré ju Falcon 9 lọ ní ìlọ́po 41, gíga àwòkọ rẹ̀ yóò sì jẹ́ bíi mítà 1.7. Ọmọ tó bá ṣe ìṣirò yìí, tó gé páálí tó bá a mu, tó sì wá ibi tí yóò ti dọ́gba, ti ń ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà. Ojúṣe iléèwé àti òbí Òkè-Odò ni láti fún un ní ìgò, pọ́ǹpù àti olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n.