Obìnrin tí ó gun ẹṣin lọ bá oníṣẹ́-abẹ

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1809, obìnrin kan ní Kentucky ní Amẹ́ríkà, Jane Todd Crawford, gun ẹṣin rin máìlì 60 nínú òtútù. Ikùn rẹ̀ tóbi. Iwájú gàárì ń gbún un títí ó fi ṣe é léṣe. Wọ́n ti ní oyún ni. Dókítà Ephraim McDowell yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní rárá o, kókó ni ó hù sí ilé ẹyin rẹ̀. Kí ó máa bọ̀ ní Danville.

Nígbà náà, àwọn àgbà oníṣẹ́-abẹ gbà pé ẹni tí a bá la inú rẹ̀, òkú ni. McDowell kò tàn án jẹ; ó ní ìdánwò ni. Abiyamọ yìí gbà.

Ẹ rántí pé kò sí oògùn akunnilóorun: ọdún 1846 ni wọ́n tó fi éétà hàn ní gbangba ní Boston. Orin ìsìn ni obìnrin náà ń kọ lábẹ́ ọ̀bẹ. Dókítà kọ́kọ́ fi okùn so ìdí kókó náà pinpin nítorí ẹ̀jẹ̀, kí ó tó gé e. Ó lé ní kílò 10! Ìṣẹ́jú 25 ni ó gbà.

Ní ọjọ́ karùn-ún dókítà bá a lórí ìdúró, ó ń tẹ́ ibùsùn ara rẹ̀. Ọdún 1842 ni ó tó kú.