Ṣẹ́ẹ̀tì àti Síkẹ́ẹ̀tì: Ọmọ Ìyá Méjì

Kò sí aránṣọ Ṣàngó-Ọ̀tà tí yóò ṣi ṣẹ́ẹ̀tì mú fún síkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan ń bo èjìká, èkejì ń bo ìbàdí. Takọtabo òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ni ó ń wọ ti àkọ́kọ́, èkejì sì jẹ́ ti obìnrin. Síbẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ogun àti àtìpó ni ó yà wọ́n.

Orírun wọn ni ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tí ó túmọ̀ sí aṣọ kúkúrú. “Scyrte” ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń pè é, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì di ìró tí Yorùbá ń kọ ní ṣ. Ní 865, ogun ńlá àwọn ará Denmark gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 876 ni wọ́n ti ń pín ilẹ̀ láàárín ara wọn níbẹ̀, tí wọ́n ń dáko. “Skyrta” ni àwọn àlejò wọ̀nyí ń pe aṣọ yìí, wọn kò sì yí “sk” rẹ̀ padà. Èdè tí ó bá ní orúkọ méjì fún ohun kan kì í pẹ́ pín iṣẹ́ fún wọn: nígbà tí yóò fi di nǹkan bí 1300, “skirt” ti di ìsàlẹ̀ aṣọ obìnrin. Ní Iceland, “skyrta” ṣì jẹ́ ẹ̀wù òkè títí dòní.

Lẹ́yìn ìpínyà yìí ni ọ̀rọ̀ méjèèjì tó dé Ọ̀tà, ìlú Àwórì, níbi tí James White, ọmọ Yorùbá láti Sàró, ti ṣe iṣẹ́ ìyìn rere fún CMS ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ilé-ìwé tẹ̀lé ìjọ. Iléeṣẹ́ ńláńlá dé lẹ́yìn wọn. Yorùbá kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì pọ̀, nítorí náà ni fáwẹ̀lì fi wọ àárín s àti k. Ìyàtọ̀ onílé àti àlejò ìgbà náà ṣì ń dún lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ Ṣàngó.

Ẹni tí ó bá pe síkẹ́ẹ̀tì ní ìró òyìnbó kò jìnnà sí òótọ́, ṣùgbọ́n kò débẹ̀. Bùbá àti ìró ti pín òkè àti ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin náà sì ń wọ bùbá. Bí ọkùnrin bá sì ró aṣọ obìnrin láti jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kí ó lè yẹ́ àwọn ìyá sí, ìró ni aṣọ náà ń jẹ́ lára rẹ̀. Ríró ni ìró ti gba orúkọ. Síkẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀: kúkúrú ni orúkọ rẹ̀ ṣì ń jẹ́, bí ó tilẹ̀ gùn dé ọrùn ẹsẹ̀ obìnrin tí ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀tà.